Ọ̀rọ̀ Ìrántí Tí Ìdákọ̀ró Kò Lè Parí

Ní Hvalseyri, ìlú etíkun kékeré kan ní ilẹ̀ olótùútù, kò sí ẹni tí kò ní ìwé nínú. Bí o bá rí ẹni tó dákẹ́ nídìí kọfí rẹ̀, má ṣe káàánú rẹ̀, orí kejì ìwé rẹ̀ ló ń kọ lọ́kàn. Ẹni tó ń fi kátapílà kó yìnyín kúrò lójú títì ń kọ ìwé. Oníṣègùn eyín ti kọ méjì, ó sì máa ń sọ ìtàn wọn fún ènìyàn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lẹ́nu onítọ̀hún. Àwọn tó ń kọ̀wé pọ̀ bí ẹja. Ẹni tó máa sọ òótọ́ fún wọn ni kò sí.

Omi ló fà á. Láràárọ̀ ni ìlú máa ń pàdé níbi ìlúwẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wọnú omi láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bọ́ra sí ìhòòhò, kó fọ ara rẹ̀ níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá jókòó sínú omi gbígbóná kan níta gbangba, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìkòkò, omi á mù wọ́n dé ọrùn, wọ́n á sì máa hó níbẹ̀ bí iṣu. Ẹni tí ẹ jọ máa pín ọṣẹ lọ́la, ẹnu wo lo fẹ́ fi sọ fún un lónìí pé ìwé rẹ̀ ń múni sùn? Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ní Hvalseyri, ojú gan-an ló ń dínà mọ́ ọ̀rọ̀. "Ó dáa gan-an" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì yára béèrè àlàáfíà ìyá òǹkọ̀wé.

"Ó dáa gan-an" ti sú Hallbera. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé ìlú náà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá ń yìn láti àárọ̀ títí di alẹ́ kì í mọ ìṣirò. Ìwé tó ń kọ dá lórí àwọn obìnrin tó ń yọ ìfun ẹja ní etíkun láyé àtijọ́. Ó mọ̀ pé ibì kan kù díẹ̀ káàtó nínú ìwé náà, kò kàn mọ ibẹ̀ ni. Ló bá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí ayélujára, kí àwọn àjèjì lè máa ka iṣẹ́ ara wọn níbẹ̀. Òfin rẹ̀ ò gùn: má sọ orúkọ rẹ, má béèrè orúkọ ẹlòmíràn, sọ òótọ́, bí o bá sì ti ka tẹlòmíràn, mú tìẹ náà wá. Ó sọ ara rẹ̀ ní Abẹ́rẹ́, ó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń retí àwọn ọ̀mọ̀wé láti Reykjavík, olú-ìlú wọn.

Ẹni mẹ́ta ló wọlé. Wọ́n pe ara wọn ní Ìjì, Yìnyín àti Ìdákọ̀ró.

Ìjì ni àṣírí rẹ̀ kọ́kọ́ tú. Ìtàn ìpànìyàn ló ń kọ. Wọ́n rí òkú nínú omi gbígbóná kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ti là, apànìyàn náà sì máa ń ka sáàmù kó tó gún ènìyàn lọ́bẹ. Bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Hallbera fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá àtẹ̀gùn Ìkòkò, tó là bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Pásítọ̀ Oddgeir ni, tó ń sin òkú ìlú lọ́sàn-án, tó tún ń wá òkú kún òkú lórí ìwé. Yìnyín náà ò pẹ́ kó tó tú. Ewì ló ń kọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èébú fún àwọn tó máa ń gbàgbé aṣọ ìnura sílẹ̀. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe Ásbjörg, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbi ìlúwẹ̀ẹ́? Àwọn àjèjì tí Hallbera lọ wá káàkiri ayé, inú omi kan náà ni òun àti wọn jọ ń jókòó.

Ó yẹ kí inú bí i, àmọ́ ẹ̀rín ló pa á. Ó hàn pé àwọn náà ti dá a mọ̀, àmọ́ òfin ṣáà ni òfin. Wọ́n ń bá ẹgbẹ́ lọ, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́wọ́ pé òun mọ ẹnikẹ́ni.

"Ká ní ẹnì kan ń kọ̀wé," Pásítọ̀ Oddgeir sọ nínú Ìkòkò lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀run, "tí gbogbo ayé sì ti mọ apànìyàn yẹn kí ìtàn tó gbérasọ."

"Ká ní ẹni yẹn bi mí," Hallbera dá a lóhùn, òun náà ń wo ọ̀run, "màá ní kó yọ sáàmù kúrò. Ta ló ń ka sáàmù kiri ìlú yìí láìjẹ́ pé wọ́n ń sanwó oṣù fún un?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn á dun ẹni yẹn o."

"Kó dùn ún. Ìwé rẹ̀ ló máa jàǹfààní."

Ásbjörg ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòkò. "Èmi ò mọ ẹni tí ẹ ń sọ," ó ní, "àmọ́ ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dín òkú kù. Ìlú wa ò tóbi tó bẹ́ẹ̀."

Ìdákọ̀ró nìkan ni wọn ò mọ̀. Kì í mú nǹkan kan wá, kíkà ló ń kà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ kì í tàsé. Ó kọ sí abẹ́ orí kẹta ìwé Hallbera pé: "Ìpínrọ̀ yìí mọ̀ pé òun rẹwà. Jù ú sómi." Hallbera bínú, ó lọ sè kọfí, ó padà wá kà á, ó sì jù ú sómi. Orí kẹta dúró dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti jí, ohun tí Ìdákọ̀ró sọ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ọ̀mọ̀wé kan ní olú-ìlú ni, àgbà ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n àti ìwé púpọ̀. Nígbà tó yá, ó rán an létí òfin, pé ẹni tó ń ka tẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mú tiẹ̀ wá.

Ìdákọ̀ró fi ojú-ewé kan ránṣẹ́. "Ènìyàn dáadáa ni ọ̀rẹ́ mi," bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Hallbera yán. Ó kà á lọ. Ọ̀rẹ́ náà máa ń kọrin fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wọn kó tó tan án, nítorí ó gbà pé ojú ń ti ẹ́ńjìnnì náà láti jí níwájú ènìyàn. Ọ̀rẹ́ náà máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní òdì, kí ẹja lè wá.

Hallbera gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń fọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Tryggvi ni, ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń bá Tryggvi wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun, Ketill ni.

Ní orílẹ̀-èdè yẹn, bí ènìyàn bá kú, àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìrántí sínú ìwé ìròyìn. Ẹni tí kò kọ, ó dà bí ẹni tí kò wá síbi ìsìnkú. Nígbà tí Tryggvi kú, gbogbo ayé kọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ, àwọn tí wọ́n jọ kàwé kọ, ọkùnrin tó ń ta táyà fún un pàápàá kọ, ó sì gùn. Ketill, tí òun àti ẹ̀ jọ dàgbà, tí wọ́n jọ lo gbogbo ayé wọn nínú ọkọ̀ kan, kò kọ lẹ́tà kan. Hallbera wò ó lójú-ewé àkọ́kọ́, ó wò ó títí dé èyí tó kẹ́yìn, kò rí i. Kò bá Ketill sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Bí Ketill bá ti yọ níbi ìlúwẹ̀ẹ́, Hallbera á dìde kúrò nínú Ìkòkò, débi tí Ketill fi kọ́ láti máa dúró nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ títí obìnrin náà á fi lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀. Nínú ẹgbẹ́ náà, òun nìkan ló gba òfin gbọ́, tó rò pé àjèjì ni gbogbo wọn.

Ojú-ewé náà já láàárín gbólóhùn. Ìdákọ̀ró kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Láti ọjọ́ tó ti kú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ èyí, kò sì kúrò lójú kan. Gbogbo ohun tí mo bá kọ ló ń kéré sí i. Kí ni kí n ṣe?"

Inú kọ́kọ́ bí Hallbera. Lẹ́yìn náà ló sunkún, ó sunkún gan-an, nítorí gbogbo ọdún tó fi dìde kúrò nínú omi gbígbóná bọ́ sínú atẹ́gùn nítorí ọkùnrin yìí, ilé ni ọkùnrin náà jókòó sí tó ń bá gbólóhùn kan jà. Ó fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Èmi nìyí." Kò kọ ọ́. Ó mọ Ketill. Bó bá mọ̀ pé òun ni, á sá kúrò nínú ẹgbẹ́, kò sì ní padà wá, ọ̀rọ̀ ìrántí Tryggvi á sì kú síbi tó já sí. Hallbera fẹ́ ka ìyókù rẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé lásìkò yẹn tó ju ìyẹn lọ.

Àwọn yòókù ti kà á, wọ́n sì ti mọ̀ pé Ketill ni. Yìnyín kọ pé ìbọ̀sẹ̀ yẹn pa òun lẹ́kún. Ìjì, tí ẹ̀rù bà, kọ pé bóyá kí ìpànìyàn díẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń dúró de Abẹ́rẹ́. Hallbera nu ojú rẹ̀, ó sì di olùkọ́ padà.

"Yọ 'ènìyàn dáadáa' kúrò," ó kọ. "Gbogbo òkú inú ìwé ìròyìn ló jẹ́ ènìyàn dáadáa. Kí ló máa ń ṣe tó máa ń bí ọ nínú?"

"Ó pọ̀," Ìdákọ̀ró dáhùn.

"Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mi ò lè kọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ á kà á."

"Ṣé ọmọdé ni ìyàwó rẹ̀ ni?"

"Rárá o. Abàmì obìnrin ni. Mo ti bá ìjì pàdé lójú òkun lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó dẹ́rù bà mí tó obìnrin yẹn."

Hallbera rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. "Ṣé ó mọ̀ pé o gbìyànjú láti kọ ọ́?" ó béèrè.

Ìdákọ̀ró dáhùn: "Bí mo bá dé, ó máa ń jáde kúrò nínú omi. Mi ò bá a wí. Bó bá ṣe èmi náà, màá jáde."

Hallbera tún ọ̀rọ̀ náà kà. "Kọ ọ́," ó ní. "Jẹ́ kó bínú bó bá fẹ́ bínú. Iṣẹ́ rẹ kọ́ nìyẹn."

Ketill kọ ọ́. Nígbà tí ojú-ewé tuntun dé, kò sí ènìyàn dáadáa kankan nínú rẹ̀. Tryggvi ló wà níbẹ̀, tó ń jí kọfí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu, tó ń sọ pé òtútù ló fà á gbẹ. Tryggvi wà níbẹ̀ tó ṣì ọ̀nà nínú kùrukùru, tó wá ń bá máàpù jà, tí kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó dà bí ẹni pé Tryggvi fi bàtà tó tutù wọlé láì nu ẹsẹ̀. Hallbera tún un kà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kò sì kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó mọ ibi tó máa sọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ kejì, àkókò tó máa ń kúrò nínú Ìkòkò tó, kò dìde. Pásítọ̀ Oddgeir wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì ri ara rẹ̀ sínú omi dé imú. Ásbjörg gbá ojú kan náà léraléra bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ti mọ́.

Ketill jáde síta tòun ti ṣòkòtò ìwẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ yìnyín lù ú láyà. Ó rí Hallbera. Ó yí padà kó máa lọ.

"Káàdì ńkọ́?" Hallbera bi í.

Ketill dúró. Ó ti pẹ́ tí ohùn yẹn ti bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. "Káàdì wo?"

"O kọ orin, o kọ kọfí, o kọ ìbọ̀sẹ̀. O ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó máa ń rẹ́ wa jẹ nídìí eré káàdì. Ta lo fẹ́ tàn?"

Ketill kọjú sí wọn. Ó wo obìnrin náà, ó wo Pásítọ̀, ó wo Ásbjörg, kò sí ẹni tó ń wo ọ̀run lára wọn. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe òtútù ló fà á.

"Ìwọ ni Abẹ́rẹ́," ó ní.

"Èmi ni."

"Mo pè ọ́ ní abàmì obìnrin."

"O pè mí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé o lè kọ̀wé."

Ketill fi ọwọ́ nu yìnyín lójú, ó pẹ́ níbi tó ti ń nù ún. "Hallbera," ó ní, "mo gbìyànjú. Ọlọ́run gbọ́, mo gbìyànjú."

"Mo ti kà á." Hallbera sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú omi, ó fi àyè sílẹ̀. "Wọlé jàre, kí òtútù má baà pa ọ́ síbẹ̀ yẹn. Mi ò tíì ṣetán láti kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tìẹ."