Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Fẹ́ Dá Jẹ ní Nápólì

Kí n tó rọ́ àlá tí mo lá ní ìdájí òní fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù, kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Mofẹ́ ọmọ mi, tó ń gbé ní Ítálì, ló pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ kí èmi àti ìyálé mi, Ìyá Adétóún, wá fi ọjọ́ mẹ́ta wòran ní Nápólì, ìlú etí òkun. Àwa méjèèjì o! Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀yìn Ìyá Adétóún ni Mofẹ́ dàgbà sí, ọmú lásán ni èmi fún un. Láti ìgbà tí ọkọ wa ti kú, àwa méjèèjì la kù nínú ilé ní Ìkìrun, tí a jọ ń jẹun, tí a jọ ń jà, tí a jọ ń parí ìjà. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì rí òkun rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo gbọ́ kó sọ pé nǹkan kan wu òun láyé, òkun yẹn ló dárúkọ.

Kí ni èmi àgbàyà ṣe? Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ní, "Ìyá Adétóún, Mofẹ́ ní ẹnì kan ṣoṣo ni ààyè wà fún."

Ó ní, "Kò burú, ìyàwó. Máa lọ. Kí o bá mi wò ó dáadáa."

Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo purọ́. Ìyálé mi máa ń hanrun bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata, kò sì lè rí ajá lójú ọ̀nà kó má kí i. Mo rò ó pé orí ìkíni ni ọjọ́ mẹ́ta máa tán sí.

Ó dáa. Mo rí ara mi lójú àlá, mo jókòó sórí àpótí ìdáná, mo ń ṣètò ìrìnàjò mi. Ọjọ́ mẹ́ta náà wà lórí àtẹ níwájú mi. Ọsàn mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n pọ́n dáadáa. Báàgì ńlá mi la ẹnu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kó ìró márùn-ún sí i, mo da gàrí sí i. Ìgbà tí mo fẹ́ fa síìpù rẹ̀ ló ní, "Ìyá Mofẹ́, apá ọ̀tún mi ṣì ṣófo."

Mo ní, "Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀?"

"Ìyá Adétóún ni."

"Pa ẹnu ẹ dé." Mo jókòó lé e lórí. Ẹ mọ bí ìdí mi ṣe tó. Báàgì náà kígbe, ó só, ó sì pa dé. Atẹ́gùn ìsó yẹn ló gbé èmi àti báàgì àti ọsàn sókè títí a fi dé ọ́fíìsì àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ìrìnàjò. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè òrùlé Ìkìrun bí ewé lójú omi. Tábìlì wà níbẹ̀, àga wà, kàlẹ́ńdà wà lára ògiri, ilẹ̀ nìkan ni kò sí. Mo kúnlẹ̀ sórí òfuurufú, mo kí ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ táì.

Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ wò ní Nápólì?"

Mo ní, "Mo fẹ́ wo òkè tó ń yọ èéfín. Mo fẹ́ wo àwọn ère àgbà ìlú. Mo fẹ́ jẹ píísà níbi tí wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ òkun."

Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ ti dágbére fún ìyálé yín?"

Ẹ gbọ́ o, ìyàwó ilé kì í lọ odò láìdágbére fún ìyálé, ká má tíì sọ òkè òkun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo ní, "Mo ti dágbére, sà. Ó tilẹ̀ súre fún mi. Ó ní òun ò fẹ́ràn òkun rárá."

Bí mo ti sọ ọ́ báyìí, irùngbọ̀n hù lágbọ̀n ọ̀gá náà. Ìwo méjì yọ lórí rẹ̀. Ó gbé pátákò méjèèjì sórí tábìlì, ó ní "mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ó na ọrùn, ó sì gbé ọsàn kan mì nínú mẹ́ta mi, tòun tèèpo. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Á gba ibi ire, sà."

Ó ní, "Ó ku ọjọ́ méjì, Màmá," ó sì fi pátákò tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé mi. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù náà ti di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ fáìlì ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo sọ sínú ara mi pé, àṣé ibi tí fáìlì àwọn ènìyàn ń gbà lọ nìyí.

Ọ́fíìsì náà yí ìdí padà, ó balẹ̀ sí àárín Nápólì. Mo gbé báàgì kọ́ apá, mo di ọsàn méjì tó kù mú, ewúrẹ́ ọlọ́táì sì tẹ̀ lé mi. Òpópónà ibẹ̀ há, wọ́n ta okùn láti fèrèsé dé fèrèsé, wọ́n sì sá aṣọ sórí gbogbo rẹ̀. Mo rí pátá ọkùnrin kan tó fẹ̀ tó agboòrùn. Mo rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi.

Bí mo ṣe yíjú báyìí, ère òkúta ló tò lọ bẹẹrẹ. Àgbà ni gbogbo wọn, irùngbọ̀n wọn kan àyà. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé kò lè gba iwájú àgbà kọjá láìkí i. Mo kúnlẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, mo ní, "Ẹ kú ìdúró ọjọ́ pípẹ́ o, sà."

Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Adìyẹ ńkọ́?"

Mo dáhùn gbogbo ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún ìkejì, mo kúnlẹ̀ fún ìkẹta, títí dé ìkẹtàdínlógún, orúnkún mi bó. Èmi tí mo ní ìkíni Ìyá Adétóún pọ̀ jù! Ẹni ìkẹtàdínlógún, tó gun ẹṣin, wá ní, "Ìyálé rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ní kí n kí yín, sà."

Ẹṣin òkúta náà bú sẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ na ọrùn, ọsàn kejì wọlé. "Ó ku ọjọ́ kan, Màmá."

Ni mo bá ki eré mọ́lẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ òkè eléèéfín kọjá, ó jókòó gbẹndu bí ìyá tó ń yan ẹja. Ó ní, "Ìyálé rẹ ń—" Mo ní, "Mò ń bọ̀ o, ẹ má bínú!" Mo ra píísà kan lọ́nà. Píísà náà ní àwẹ́ mẹ́jọ lòun, òun kì í ṣe oúnjẹ anìkànjẹ. Ó dìde lórí àwo, ó sì yí lọ bí táyà kẹ̀kẹ́.

Ìgbà tí mo dé etí òkun, òkun ò sí níbẹ̀. Yanrìn ló wà, àti àwọn ọkọ̀ ojú omi tó fi ìdodo lélẹ̀. Mo bá ìyá kan tó ń fọṣọ níbẹ̀, Kọnṣẹ́tà lorúkọ ẹ̀, apá ẹ̀ tó itan mi.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, òkun dà?"

Ó nàka sókè. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni. Mo sá a."

Lóòótọ́, òkun ni mo rí lórí okùn. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́rin, ó ń kán tó, tó, tó, ẹja ń yọjú níbi ìṣẹ́tí. Ó dúdú mìnìjọ̀ bí aṣọ tí wọ́n rẹ sí aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ní, "Ẹ bá mi tẹ́ ẹ."

Ó ní, "Èmi rèé tí mò ń fọṣọ! Ẹnì kan kì í sì í dá òkun tẹ́. Ẹni tí ẹ jọ wá ni kó di etí kejì mú. Ta lẹ bá wá?"

Ewúrẹ́ ti na ọrùn sí ọsàn tó kù. Mo ti la ẹnu láti sọ pé ìyálé mi ń bọ̀ lẹ́yìn. Irọ́ náà ti gorí ahọ́n. Mo wá gbójú sókè wo òkun lórí okùn, bó ṣe tutù, bó ṣe dára, mo sì mọ̀ pé bí mo bá wò ó fún ọgọ́rùn-ún ọdún, mi ò lè fi ojú tèmi bá Ìyá Adétóún wò ó.

Mo ní, "Mo purọ́ fún un ni. Àwa méjì ni wọ́n pè."

Ewúrẹ́ pa ẹnu dé. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó di ọ̀gá padà, ó sì wo ibòmíràn bí ẹni tí ojú ń tì. Mo kọjú sí Ìkìrun, mo figbe ta, "Ìyá Adétóún o! Ẹ máa bọ̀! Ẹ wá bá mi di etí òkun mú!"

Kò pẹ́ rárá. Síìpù báàgì mi ló là, òun náà ló yọ jáde, ó ń tún ìró ró. Ó ní, "Inú ibẹ̀ gbóná, ìdí ẹ sì wúwo." Ó kọ́kọ́ kí Kọnṣẹ́tà tilé tọmọ. Ó kí àwọn ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló di etí kan mú, mo di èkejì mú.

"Gbọn ọ́n, ìyàwó. Àbí o ò jẹun ni?"

A gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Òkun ṣí lọ rẹrẹẹrẹ títí dé ibi tí ojú ò tó, omi tutù sì ṣàn wá bo ẹsẹ̀ mi.

Mo lajú. Omi tutù wà lẹ́sẹ̀ mi lóòótọ́. Ìyálé mi ló ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ọṣẹ ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé dé orí ẹní mi. Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn láti kí i. Ó dúró síbẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ kan, fóònù mi tí mo gbàgbé sí pálọ̀ wà lọ́wọ́ kejì.

"Ìyá Mofẹ́," ó ní, "ọmọ ẹ rèé lórí fóònù. Ó ń bi mí pé ṣé mo ti di ẹrù mi. Kí ni kí n sọ fún un?"