Ipa Ọ̀bẹ Bàbá

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni Màmá ti sọ ara wọn di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé. Ẹsẹ̀ ò dùn wọ́n, ojú wọn ríran kedere. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní ká jọ jáde, wọ́n á bi mí pé kí ni àwọn ń wá lọ síta. Èmi tí ẹnu mi mú bí abẹ yìí, mo bínú, mo bẹ̀bẹ̀, mo tiẹ̀ ti ki bàtà bọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ rí. Pàbó ló já sí. Bẹ́ẹ̀ dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé àìjáde yẹn ló máa pa wọ́n.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń fi òkúta tẹ́ ilẹ̀, ló mú ìròyìn wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n fẹ́ tún gbàgede àtijọ́ tó wà láàárín ìlú ṣe. Ó ti pẹ́ tí ibẹ̀ ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí epo mọ́tò ti bo gbogbo òkúta ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní mọ́tò ò ní débẹ̀ mọ́, pé igi ló máa wà níbẹ̀, àga, àti omi tí àwọn ọmọdé á máa fi ṣeré. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilẹ̀ fún. Màmá gbórí sókè.

"Òkúta tí bàbá yín fi ń pọ́n ọ̀bẹ ńkọ́?"

Iṣẹ́ ọ̀bẹ pípọ́n ni bàbá wa ṣe, gbàgede yẹn sì ni wọ́n ń jókòó sí kí mọ́tò tó gbà á. Tí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ bá ti ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n á tún fa ẹnu ọ̀bẹ náà lára òkúta kan nílẹ̀, fìrì, fìrì. Òkúta náà jẹ títí ó fi ní ìlà jíjìn tí ìka ọwọ́ lè wọ̀. Àbúrò mi ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, pé àwọn ò ní ju òkúta kankan nù. Màmá ní tó bá parí, àwọn á wá wò ó. Inú mi dùn débi pé mo lọ jókòó sí yàrá, mo sunkún.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí gbàgede náà, Màmá fọwọ́ ara wọn wọ bàtà. Ibẹ̀ rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ò wo igi, wọn ò wo omi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Gbogbo òkúta ló ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò síbi tó jẹ, kò síbi tó ní ìlà. Wọ́n ní kí n jẹ́ ká máa lọ sílé.

Mo wá àbúrò mi rí, mo sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ló bá káwọ́ lérí. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: òkúta àtijọ́ tí àwọn bá hú, àwọn á dojú tó ti jẹ bolẹ̀, kí ojú tí oòrùn ò rí rí wá sókè. Ohun tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ dà bíi tuntun nìyẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bo ipa bàbá wa mọ́lẹ̀, kò sì rántí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lójú mi, mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

A lọ bá obìnrin tó ya àwòrán tí wọ́n fi tún gbàgede náà ṣe. Mo ti múra ìjà lọ, àfi bó ṣe gbọ́rọ̀ wa tán tó gbà láìjanpata. Ó ní ká máa hú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ká ṣáà ti máa dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Tá a bá sì rí i, ká jẹ́ kó dojú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Màmá ní àwọn nìkan ló mọ ojú ibẹ̀, torí náà wọ́n ń bá wa lọ nírọ̀lẹ́ gbogbo. Wọ́n á jókòó lórí àga, wọ́n á máa fi ọ̀pá júwe: "Ìyẹn. Rárá o, èyí tó tẹ̀ lé e." Àbúrò mi á ki irin bọ̀ ọ́, á yí i, á gbọ̀n ọ́n, kò ní sí nǹkan kan. Àwọn èèyàn ń dúró béèrè, Màmá ń sọ̀tàn bàbá wa fún wọn. Ìyá àgbà kan di ọ̀rẹ́ wọn. Màmá ń lé àwọn ọmọdé kúrò nínú omi, àwọn ọmọdé ń bú sẹ́rìn-ín. Tá a bá délé, Màmá ń jẹun tán nínú àwo.

Nígbà tó yá, kò ku òkúta kan lápá ibẹ̀ tí àbúrò mi ò tíì yí. Ó kúnlẹ̀ síwájú wọn.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Kò sí níbí."

"Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n na ọ̀pá sí òdìkejì gbàgede. "Ọ̀hún ni bàbá yín máa ń jókòó sí."

Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi ń jẹ́ kí àbúrò mi máa hú ilẹ̀ níbí láti ọjọ́ yìí. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn.

"Ẹ̀rù ń bà mí ni. Tá a bá rí i, kí ni màá sọ pé mo tún ń jáde wá ṣe?"

Àbúrò mi gbé irin rẹ̀, ó ń wo òdìkejì.

"Gbé e sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ó di ọ̀la." Wọ́n sì nawọ́ sí mi kí n fà wọ́n dìde.