Bíà Crisóforo

Otilia ìyàwó mi kìlọ̀ fún mi kí n tó wọlé. "Nereo, ibí yìí ò jọ ilé oúnjẹ lójú mi o." Èmi ọlọ́gbọ́n ayé, mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre.

Láti Monterrey, ìlú wa lápá àríwá, la ti ń gbé ilé onítáyà wa bọ̀, ọkọ̀ gbàgẹ̀dẹ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti fíríìjì nínú. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo sì fẹ́ rí gbogbo ilẹ̀ Mẹ́síkò kí n tó kú. Ọjọ́ Àwọn Òkú, tí wọ́n ní àwọn òkú máa ń padà wá kí ará ilé wọn, bá wa ní Santa Úrsula, ìlú àtijọ́ kan lápá Puebla. Àwọn òpópó ibẹ̀ há débi pé ẹ̀yìn ìlú la páàkì sí, a wá fẹsẹ̀ rìn. Láti àárọ̀ la ti ń wo ilé ìjọsìn àtijọ́ àti ògiri olókùúta. Oòrùn ń pa mí, ebi ń pa mí. Ẹ ṣáà mọ̀ bí ebi ṣe máa ń sọ àgbàlagbà di ọmọdé.

Bá a ṣe kan ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀ gbayawu nìyẹn. Wọ́n da òdòdó sílẹ̀ láti títì wọ inú ọgbà. Àwọn èèyàn jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń fi ọbẹ̀ mole jẹ adìẹ, wọ́n ń mu ṣokoléètì gbígbóná. Pẹpẹ funfun kan wà ní pálọ̀, ó ga fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló ń to irú ẹ̀ kí wọ́n lè fi fa oníbàárà. Mo fa àga, mo jókòó.

Ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ dúdú gbé oúnjẹ wá. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹun."

"Màmá, ta ni ń mu ṣokoléètì nínú oòrùn yìí? Ẹ bá mi mú bíà wá."

Ìyá náà wẹ̀yìn wo pálọ̀. "Bíà? Ẹyọ kan ló wà nílé, ọmọ mi."

"Ẹyọ kan náà ti tó. Kó ṣáà ti tutù!"

Ó wọ pálọ̀, ó mú ìgò kan bọ̀, ó nù ún, ó ṣí i fún mi. Mo tọ́ ọ wò, mo yínmú. "Háà, Màmá! Ṣé bíà rèé àbí omi ìwẹ̀?" Mo wojú àwọn tó kù bóyá wọ́n á bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹnì kankan ò rín.

"Má bínú," ni ìyá náà wí. "Yìnyín ló tán."

Mo mu ún tán pátápátá. Otilia ti lọ wo pẹpẹ. Nígbà tó padà dé, ojú ẹ̀ ti yí padà.

"Nereo, ilé ọ̀fọ̀ la wà. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi ni. Ọmọ ìyá yìí ló kú lóṣù kẹta, Crisóforo lorúkọ ẹ̀. Òní ló máa kọ́kọ́ padà wá kí ìyá ẹ̀, tí wọ́n bá lu agogo aago méjì. Àbẹ́là ni gbogbo àwọn wọ̀nyí mú wá kí wọ́n tó jókòó jẹun. Ìwọ, bíà òkú lo mu! Orí pẹpẹ tí wọ́n tò dè é ló ti gbé e fún ẹ."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Wọn kì í fi nǹkan du àlejò lọ́jọ́ òní."

Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá wọlé. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Mo sáré, èmi ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, lórí òkúta gbágungbàgun, dé ìdí ọkọ̀. Mo kó bíà mẹ́fà tó tutù nini, mo mú àbẹ́là kan ṣoṣo tá a ní, mo tún sáré padà.

Agogo dún kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo èèyàn ti dìde dúró. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ìgò òfìfo tí mo fi sílẹ̀ sábẹ́ àga mi, ó nù ún, ó gbé e padà sórí pẹpẹ, síwájú àwòrán ọkùnrin onírunmú kan tó ń rẹ́rìn-ín.

"Crisóforo, káàbọ̀, ọmọ mi. Má bínú nítorí bíà ẹ. Àlejò ní kò tutù. Èmi ni mi ò tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Mo tan àbẹ́là, mo kúnlẹ̀, mo ṣí bíà kan, mo gbé e síwájú ọmọ ẹ̀.

"Èyí tutù," ni mo wí fún Crisóforo.

Ìyá náà fọwọ́ kàn mí léjìká. "Dìde, ọmọ mi. O ò tíì jẹun."

Ó tún gbé adìẹ mi kaná fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mi ò gbójú sókè.