Kílọ́ọ̀ṣì Tó Le

Orogún ni mo ń pè é, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Alùpùpù pupa ni, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré, tí ẹni tó bá gùn ún á dojú bolẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Kí ọkọ mi tó kí mi láàárọ̀, ó ti nù ún. Òun fúnra rẹ̀ ló pààrọ̀ páìpù èéfín rẹ̀ kó lè máa bú bó ṣe wù ú. Òun ló rẹ ọwọ́ ìdarí rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ló wá ìjókòó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, èyí tí kò lè gba ìdí tèmi. Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ ti gbéyàwó, ẹ ò kàn tíì sọ fún wa ni." Ó ní orogún mi kì í bínú bíi tèmi.

Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé kílọ́ọ̀ṣì le, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì fà kí wọ́n tó pààrọ̀ jíà. Ó ní bí òun ti ń fà á tó, kì í wọlé tán, alùpùpù á wá fò síwájú, ẹ́ńjìnì á sì kú. Lọ́jọ́ kan ó kú mọ́ ọn lábẹ́ ní oríta, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbá a. Láti ìgbà yẹn, bó bá ti jáde báyìí, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé orogún á sọ mí di opó.

Má-Kánjú-Mi ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì rẹ̀, torí pé bí o bá ti ní kó ṣe kíá, ńṣe ló máa jókòó. Ó pààrọ̀ wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ó fi òróró sí i, ó yọ sípíríǹgì rẹ̀, ó fi èyí tó rọ̀ sí i. Bí ọkọ mi bá gùn ún díẹ̀, á tún padà dé pẹ̀lú ojú kíkorò, á ní, "Ó ṣì le."

Àsìkò yẹn náà ni ọkọ mi ṣàdédé di olólùfẹ́. Láràárọ̀ ló ń na ọwọ́ ọ̀tún sí mi pé kí n bá òun de bọ́tìnnì ọrùn-ọwọ́ ẹ̀wù. Ọkùnrin tó ń dá múra láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n! Mo máa ń dè é, màá rọra fọwọ́ pa á lọ́wọ́, inú mi á sì máa dùn káàkiri ilé.

Lọ́jọ́ tí mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìjà ni mo gbé lọ.

"Má-Kánjú-Mi, ṣé ẹ fẹ́ bá mi pa ọkọ ni?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà. "Mọ̀mí, ẹ má bínú. Ẹ wá fà á wò."

"Èmi tí mi ò gun kẹ̀kẹ́ ọmọdé rí?"

"Ẹ ṣáà fà á."

Mo fi ìka kan ṣoṣo fà á. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo tún fà á, ó tún wọlé. Mo bojú wẹ̀yìn wo ọkọ mi, àwọn táyà ògbólógbòó ẹ̀gbẹ́ ògiri ló tẹjú mọ́.

Má-Kánjú-Mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá tún dẹ̀ ẹ́ jù báyìí, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́."

Bọ́tìnnì ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọwọ́ òsì lèèyàn fi ń de bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún.

"Bàbá wọn, ẹ fi ọwọ́ òsì yín dì mí lọ́wọ́ mú. Ẹ dì í gan-an."

Ó gbé e lé ọwọ́ mi. Ó fún eyín pọ̀, òógùn bò ó níwájú orí. Bí aṣọ tí wọ́n gbé léni lọ́wọ́ ló rí lára mi.

"Ṣé ó ń dùn yín?" ó bi mí.

Mo mi orí pé rárá.

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló bà jẹ́ ni."

Dókítà tí mo mú un lọ bá ní iṣan ọwọ́ náà ló ń kú, àti pé kò ní padà sípò. Ọkọ mi gbọ́, ó kí i pé ó ṣeun. Nígbà tí a délé, ó ní kí Má-Kánjú-Mi wá gbé alùpùpù fún ẹni tó lè gùn ún.

Mo rò pé inú mi á dùn lọ́jọ́ tí orogún bá kẹ́rù. Èmi ni mo nù ún láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo nù ún dé abẹ́ ìjókòó, mo sì ń sunkún.

Má-Kánjú-Mi gùn ún jáde. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ òsì ọkọ mi wà lórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Páìpù tó fúnra rẹ̀ yàn ń bú lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó sì ń tẹ́tí sí i.

"Jíà kejì," ó ní. Mo rí ìka rẹ̀ tó mì díẹ̀, tó fẹ́ ká kò bí ẹni ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Mo bá a pa á dé.

"Ìkẹta." Mo tún bá a pa á dé.

Ìró náà dé oríta, ó yà, ó sì wọlẹ̀. Etí mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Ìkẹrin," ni ọkọ mi wí.

Mo bá a pa ọwọ́ náà dé.