Fúláàtì Tí Wọ́n Fi Ń Ṣe Àpẹẹrẹ

Ìyá Mọ́tótó kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Àwọn ará ilé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí eṣinṣin bá bà lé ògiri rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, yóò nu ojú ibẹ̀. Ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún, bó bá sì ti délé, yóò tún bẹ̀rẹ̀ tilé. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì kí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó kọṣẹ́, a máa sọ pé, "Ìyàwó, bí mo bá jókòó pẹ́ jù, wàá fọ èmi náà mọ́ àga."

Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin tó ní fúláàtì mẹ́jọ. Ayálégbé ni gbogbo wọn. Onílé wọn jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé sípánà wá. Ṣùgbọ́n baba náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní owó ilé tó ń kán tó, tó ń kán tó, kò tó àwọn í pín. Wọ́n pinnu láti ta ilé náà, kì í ṣe lódindi o, fúláàtì kọ̀ọ̀kan fún olówó kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, lẹ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn gbogbo wọn wọlé: ẹni tó bá lè ra ibi tó ń gbé, kó sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí kò bá lè rà á, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, bí Ìyá Mọ́tótó bá fọ gbogbo ọsibítù ayé, kò lè rí i.

Tíṣà ló pe ìpàdé. Fúláàtì tó dojú kọ tiwọn ni ọkùnrin yìí ń gbé. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé pátákó wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n jókòó sí.

"Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀," ni Tíṣà wí. "Ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ wà títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Kò sì sẹ́ni tó máa ra ilé tí kò rí inú rẹ̀. Bí wọ́n bá mú oníbàárà wá, ká má ṣílẹ̀kùn. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ ṣí i o! Bí wọn ò bá rẹ́ni tà á fún, wọ́n á wá bá wa jókòó. Wọ́n á dín owó kù, tàbí kí wọ́n fún wa ní ọdún méjì sí i."

Gbogbo wọn gbà. Ìyá Mọ́tótó náà gbà. Ohùn tiẹ̀ ló tilẹ̀ ròkè jù.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ajẹ́ńtì tó ń bá àwọn ọmọ onílé ta ilé náà dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Yóò kan ilẹ̀kùn tìsàlẹ̀, yóò kan tòkè, òun àti àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò sì padà lófo. Ó di ọjọ́ kan tó dá nìkan wá, tó bá Ìyá Mọ́tótó níbi tó ti ń nu ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó yọjú wo inú ilé, ó sì dúró sójú kan.

"Háà, Màmá! Ẹ̀yin lẹ ń gbébí? Mo ti wọ ilé àwọn olówó, mi ò rí ilẹ̀ tó mọ́ tó báyìí rí. Ta ló kọ́ yín?"

Ẹ gbọ́ ná. Ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí ti ń nulẹ̀ fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kọjá kó tó gbẹ, kò sẹ́nìkan tó dúró rí kó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Àfi ọkùnrin tó wá ta ilé mọ́ ọn lórí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, kọ́kọ́rọ́ ló yọ.

Ajẹ́ńtì rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa fi ibí han àwọn èèyàn, Sátidé mẹ́ta péré. Kì í ṣe tiyín ni mo fẹ́ tà o. Kí wọ́n kàn rí bí fúláàtì ilé yìí ṣe lè rí ni. Màá bá àwọn ọmọ onílé sọ̀rọ̀, tiyín á wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ò ní lọ síbì kankan."

"Ọmọ mi, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Màmá, ṣé màá purọ́ fún yín ni?"

Nígbà tó ròyìn fún ọkọ rẹ̀, baba náà bi í pé, "Tíṣà wá ńkọ́?"

"Ṣé Tíṣà ló máa gbé yín sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn tí wọ́n bá lé wa?" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀. Ó rí tọkọtìyàwó kan lẹ́yìn ajẹ́ńtì, ó rí Ìyá Mọ́tótó tó di ilẹ̀kùn mú fún wọn. Ó rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà.

Àwọn àlejò náà ò kí ọkọ Ìyá Mọ́tótó tó wà lórí àga. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n yí ẹ̀rọ omi wò, wọ́n lọ dúró síwájú ibùsùn. "Ògiri yìí, a máa wó o," ni ọkùnrin náà wí. Ìyàwó rẹ̀ fa téèpù láti ẹnu fèrèsé wá sí ẹsẹ̀ àga. "Kí ló dé tí àga yìí gba àyè tó báyìí?" ló wí, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Baba náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún kúrò lọ́nà fún téèpù. Ìyá Mọ́tótó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ojú rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí Sátidé kẹta yóò fi kọjá, fúláàtì márùn-ún ti tà. Àwọn tó rà wọ́n ò fẹsẹ̀ kan inú wọn rí, ti Ìyá Mọ́tótó ni wọ́n wò. "Bí èyí ṣe rí yìí ni gbogbo wọn ṣe rí," ni ajẹ́ńtì ń wí fún wọn. Àwọn ọmọ onílé ò bá ẹnikẹ́ni jókòó mọ́. Kí ni wọ́n tún ń bẹ ayálégbé sí? Onídìrí tó ń gbé ìsàlẹ̀ pàdé Ìyá Mọ́tótó lórí àtẹ̀gùn, ó yà fún un, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú ìmọ́tótó o, Màmá."

Ìyá Mọ́tótó tẹrí ba, ó yára kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé fún òun náà. Fúláàtì wọn ti tà. Bí oṣù mẹ́ta bá ti pé, kí wọ́n jáde. Ó gbé lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì ajẹ́ńtì, òógùn ibi iṣẹ́ ò tíì gbẹ lára rẹ̀.

"Màmá mi!" Ajẹ́ńtì dìde, ó fún un níjòókòó.

"O ní tiwa á wà nílẹ̀."

"Mo sọ fún wọn o. Àwọn tó rà á ni wọn ò fẹ́ òmíràn, wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ló wu àwọn. Ẹ̀yin náà lẹ tún un ṣe jù, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí mo kọ ìwé kan fún yín ni?"

Kò kọ ìwé kankan.

"Ṣùgbọ́n mo rántí yín o. Àwọn onílé tuntun ń wá ẹni tí yóò máa fọ àtẹ̀gùn. Orúkọ yín ni mo fún wọn."

Gbogbo èébú tí Ìyá Mọ́tótó mọ̀ láyé ló gun orí ahọ́n rẹ̀, tí wọ́n sì tò síbẹ̀. Ohun tó jáde ni, "O ṣé." Ó ti dé ìdíkọ̀ kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, bọ́ọ̀sì méjì wá, wọ́n lọ, kò wọ ìkankan.

Yàrá kan ni wọ́n rí gbà ní ilé àbúrò ọkọ rẹ̀, ibi tó jìnnà débi pé ó gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta kó tó dé ọsibítù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ, àbúrò náà ò yọjú, onímọ́tò sì ní iṣẹ́ òun ò dé orí àtẹ̀gùn. Ìyá Mọ́tótó dá àwọn ẹrù kéékèèké rù sísàlẹ̀. Ó ku ibùsùn. Ó fà á dé ẹnu ọ̀nà, ó há síbẹ̀.

Tíṣà jáde. Páálí tiẹ̀ náà ti tò sí pálọ̀. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ní kó máa sùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ibùsùn náà mú.

"Tíṣà, ẹ má bínú sí mi," ni Ìyá Mọ́tótó wí.

"Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, Ìyá, kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ sáà sọ pé ẹ ò bínú."

"Bí mo bá ní mi ò bínú, irọ́ ni mo pa. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ń ha ògiri."

Ó gbé e sókè. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń di irin àtẹ̀gùn mú bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ibùsùn wọ inú ọkọ̀ tán, Tíṣà gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó bọ baba náà lọ́wọ́, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tọ́jú ẹsẹ̀ yẹn." Lẹ́yìn náà ó kọjá níwájú Ìyá Mọ́tótó, ó sì gòkè lọ.