Oko Àwòkọ́ṣe

"Ta ló ni oko yìí?" Olúyọmí, olùkọ́ oko, béèrè. Ó gbé pọ́ńpù kúrò léjìká, ó na àdá síwájú, ó ń retí ẹni tí yóò gbà á.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò ní fọ́n oògùn sóko ẹnikẹ́ni àfi tí olóko bá kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gé kòkó tó ti dúdú lórí igi. À ń gbọ́ tirẹ̀, torí kì í ṣe òyìnbó ló rán an sí wa. Àwa ará Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ la dá kòkó jọ lágbọ̀n-lágbọ̀n, opó pàápàá ò gbẹ́yìn, la fi gba olùkọ́ tiwa, la fi ra pọ́ńpù tiwa.

Ojúọlá ló ni oko. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbìn ín. Ṣùgbọ́n ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ilé opó ló wà, opó kì í sì í wọ oko títí oṣù rẹ̀ yóò fi pé. Kòkó ń jẹrà lórí igi, àwọn ọmọ ń wojú rẹ̀. Ló bá bẹ Ògúnsúyì, àbúrò ọkọ rẹ̀, kó lọ bá òun dúró.

Ògúnsúyì tí à ń wí yìí, koríko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ga débi tí adìyẹ fi ń ṣìnà níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó tẹ́wọ́ gba àdá bí ẹni gba oyè.

"Èmi ni," ló wí.

Ó gé kòkó. Ó gba olùkọ́ sílé, iyán ọ̀sán, iyán alẹ́. Nígbà tí Ojúọlá yóò fi bọ́ aṣọ opó, kòkó ti so wìtìwìtì, wọ́n sì ti ri pátákó "Oko Àwòkọ́ṣe" mọ́lẹ̀ tí orúkọ Ògúnsúyì wà lára rẹ̀.

Olùkọ́ ní ẹni tó gé kòkó lòun mọ̀. Ojúọlá kọrí sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n mọ òótọ́. Àwọn kan nínú wọn ti bá ọkọ rẹ̀ jẹun lábẹ́ àwọn igi náà. Wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Wọ́n ní bí inú bá bí Ògúnsúyì, olùkọ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè kó ẹrù lọ sí Ọ̀bà, kí gbogbo ìlú wá pàdánù nítorí oko kan. Ó bi wọ́n bóyá òun kì í ṣe ará ìlú. Alága ní kí wọ́n fi àdúrà parí ìpàdé.

Ògúnsúyì náà láàánú níwọ̀nba. Ó ní tí ìyàwó àwọn bá ń wáṣẹ́, iṣẹ́ wà lóko. Ẹjọ́ kì í yó ọmọ. Ojúọlá gbé agbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò wá láti Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ wo bí àgbẹ̀ ṣe ń fi owó ara rẹ̀ tún oko ara rẹ̀ ṣe. Olúyọmí mú wọn yípo. Wọ́n bá Ojúọlá nídìí igi, ó ń gé kòkó láìfi ojú ọ̀bẹ kan èèpo igi. Ọ̀kan nínú wọn yìn ín, ó béèrè ibi tó ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olúyọmí rẹ́rìn-ín.

"Àwa la kọ́ ọ, sà. Alágbàṣe ni."