Ta Ló Yàn Yín?

"Kábíyèsí, ta ló yàn yín?"

Ohùn náà jáde nínú ẹ̀rọ, àyà obìnrin atúmọ̀ sì já. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbólóhùn yẹn o. Ó ti kà á, ó ti tún un kà, kò rí àṣìṣe kan níbẹ̀, àfi ìgbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Fíìmù kátúùnù àtijọ́ láti òkè òkun ni wọ́n ń fi ohùn Yorùbá sí. Ogun láàárín ìràwọ̀ ló dá lé. Apá kan ní ọba tó gbọ́n, tí ìlú rẹ̀ tòrò. Apá kejì ń dìbò yan olórí, kódà bí olórí ọ̀hún bá gọ̀. Àwọn olùdìbò wọ̀nyí ló rán ọ̀gákọ̀, olórí ọkọ̀ òfuurufú wọn, obìnrin kan ṣoṣo tí kì í ṣe ẹkún ló ń sun nínú fíìmù náà, pé kó lọ bi ọba ní ìbéèrè yẹn lójúkojú. Ká bi yín ò sí, ta ló yàn yín? Ó dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa, tó wá ń ní kí àlejò máa wọlé.

Ìyá Olóhùn, àgbà òṣèré tó sọ̀rọ̀ fún ọ̀gákọ̀, ti yọ íápíìsì létí, ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Atúmọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì lọ, ó ṣàlàyé. Ìyá Olóhùn rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà há òun lọ́fun, ṣùgbọ́n ṣé òun lòun kọ ọ́ ni? Títún un sọ ò le. Ṣùgbọ́n fíìmù gbọ́dọ̀ dé ilé tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí iṣẹ́ tó ti parí àyàfi Ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá kẹ̀! Atúmọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ béèrè ìdí tí orúkọ òun ò fi sí níparí fíìmù. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀rù ba obìnrin tó rọ́pò rẹ̀ yìí gan-an. Ìyá tó bí i wà nílé tó ń wojú rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn tó pa á lówe ò tíì bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́ ni.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ń mu tíì.

"Kábíyèsí," ló fi bẹ̀rẹ̀, bí gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣe ń pè é, láti orí ẹ̀ṣọ́ dórí akọ̀wé. Eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà kan. Ó dùn mọ́ ọkùnrin náà nínú, ó sì mọ́ wọn lẹ́nu.

Ibẹ̀ ló dúró, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Kì í ṣe inú fíìmù ló ti rí Kábíyèsí. Ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ láràárọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀.

"Kí ló dé?" Ọ̀gá bi í.

"Ẹ ǹ lẹ́, Ọ̀gá." Atúmọ̀ tún ìkíni náà ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

Ọ̀gá gbé ife sílẹ̀. Lẹ́yìn atúmọ̀, nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ó gbọ́ tí Ìyá Olóhùn gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, tó sì fa àga mọ́ra.